Kànga Tí Kò Rí Ìsinmi

Ìyá wa ló sọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ajíbomi. Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀, yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó mọ́ ọn lára débi pé orúkọ gidi náà di ohun inú ìwé. Láti ìgbà tó ti lè gbé garawa, kò sẹ́ni tó tún jí bá a lórí ẹní mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, ó ti wà létí kànga, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti rin dé orúnkún, á máa bomi rin ebè bàbá wa. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jù mí lọ, mo sì fẹ́ràn oorun ju oúnjẹ lọ nígbà náà. Tó bá dé, á wọ́n omi sí mi lójú, á ní iṣẹ́ ti parí, kí ọ̀lẹ dìde wá jẹun.

Mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Àwọn ará àdúgbò ti ń sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n, inú sì ń bí mi sí wọn, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ló yẹ kí inú bí wọn sí. Ẹ jẹ́ kí n máa sọ ọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, torí mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ kò tóbi. Ẹ̀yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà, láàárín ọ̀nà ọlọ́dà àti òkun. Téèyàn bá dúró lórí ebè tó gbẹ̀yìn, á máa gbọ́ ariwo ìgbì. Iyanrìn ló pọ̀ nínú ilẹ̀ náà, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní kò lè so nǹkan kan. Ohun tó gbà á là ni kànga tó wà láàárín rẹ̀. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì dùn, nígbà tó jẹ́ pé ọṣẹ kì í hó nínú omi àwọn tó kọ́lé sún mọ́ etíkun.

Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń mu epo bẹntiróòlù ni bàbá wa fi ń fa omi náà, ó sì ní ọ̀nà tó ń gbà lò ó. Ó so agolo mílíìkì kan mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì epo. Agolo méjì ló ń bù sínú ẹ̀rọ láràárọ̀, kò jẹ́ fi ìdajì lé e. Ẹ̀rọ á máa ké, omi á máa tú jáde lẹ́nu rọ́bà, àwa á máa sáré gbé rọ́bà láti orí ebè kan dé òmíràn. Tí epo bá fẹ́ tán, ẹ̀rọ á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á kú. Iṣẹ́ omi parí nìyẹn títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ì báà jẹ́ pé ewé tòmátì ń rọ lọ́sàn-án gangan, bàbá wa ò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Tí a bá bẹ̀ ẹ́ títí, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa sọ, pé ó tó.

A gbà pé ahun ni. Èmi àti Ajíbomi máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnì kejì á ní ó tó, a óò wá rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn wá. Bàbá wa kú láì ṣàlàyé nǹkan kan. Títí dòní olónìí, mi ò mọ̀ bóyá epo ló ń ṣọ́ tàbí kànga.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé ọkọ, ọkọ kú, ó padà wá sídìí ebè. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ń gbé ìlú mìíràn, ó ń pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi náà gbéyàwó, ìyàwó ní òun ò lè bá mi gbé mọ́, mi ò sì jiyàn. Bí àwa méjèèjì ṣe tún pàdé nínú yàrá méjì tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà nìyẹn, ó ń se oúnjẹ, mo ń tún òrùlé ṣe, ó ń bú mi nítorí bàtà tí mo bọ́ sójú ọ̀nà.

Iṣẹ́ iná ni mo kọ́. Mo lè so iná ilé láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni wọ́n fi mọ̀ mí. Àpótí ni wọ́n fi mọ̀ mí. Ní àdúgbò wa, kò sí àpótí tí ẹnikẹ́ni wá kàn mọ́ ògiri wa rí tí kì í ṣe láti fi gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Àwọn oníná kan tiwọn, wọ́n ní kó lè máa ka iná ni. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná nígbà tó bá wù ú. Àwọn olómi ẹ̀rọ kan tiwọn, omi ò sì yọ mọ́. Nítorí náà, tí àpótí bá ti dé ilé ẹnì kan, èmi ni wọ́n máa ránṣẹ́ sí. Màá mú páláyà, màá so wáyà méjì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, màá wá dá ìdérí rẹ̀ padà kó lè jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Jíjá àpótí là ń pe ìyẹn, kò sẹ́ni tó ń pè é ní olè. Wọ́n máa ń ṣàdúrà fún ọwọ́ mi.

Nígbà tó yá, ìyàn dé. Wọ́n ní kì í ṣe tiwa nìkan, gbogbo ayé ló kàn. Rédíò sọ pé ogun wà níbì kan, òjò kọ̀ láti rọ̀ níbòmíràn, àwọn ọkọ̀ òkun tó ń kó àlìkámà wá sí èbúté ò sì wá mọ́. Búrẹ́dì kọ́kọ́ kéré, lẹ́yìn náà ó fúyẹ́, lẹ́yìn náà oníbúrẹ́dì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Epo náà di àwátì. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan gbin ohun tó máa jẹ, kí wọ́n fi oòrùn ṣe iṣẹ́ tí epo ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu ẹni tó jẹun kó tó wá sọ ọ́.

Ní ilé ìwé, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dákú lórí ìlà láàárọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé wá bá ẹ̀gbọ́n mi lóko. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ le, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ó rẹ ohùn náà sílẹ̀. Ó ní òun ò lè kọ́ àwọn ọmọ náà ní nǹkan kan mọ́, torí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọgọ́jọ ọmọ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo ebè, ó wo ilé ìwé, ó ní òun á máa fún wọn ní oúnjẹ ọ̀sán lójoojúmọ́. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ọgọ́ta ebè péré ló ní, ẹ̀rọ bàbá wa ò sì rí epo mu.

Àfi bó ṣe gba ọ́fíìsì àwọn àgbẹ̀ lọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ó ń kí wọn bí wọ́n bá ń wọlé, ó ń kí wọn bí wọ́n bá ń jáde, títí ojú fi tì wọ́n. Nígbà tó di oṣù kẹta, ọkọ̀ kan kó pátákó sólà mẹ́jọ wá, àti ẹ̀rọ tuntun kan tó rí róbótó, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n máa ń rì sínú omi. Ọ̀dọ́ mẹ́ta tó wọ bàtà rọ́bà ló bá ọkọ̀ náà wá. Wọ́n gbẹ́ kànga náà jìn sí i, èmi ni mo bá wọn jó irin tí pátákó dúró lé, gbogbo rẹ̀ sì parí láàárín ọjọ́ méjì. Wọ́n ń kánjú, ìlú méjì mìíràn ń retí wọn.

Wọ́n kan àpótí kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ òpó irin náà. Kò tóbi ju ìwé Bíbélì lọ. Ọ̀kan nínú wọn ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin lóòjọ́, lẹ́yìn náà àpótí á pa á, kí kànga lè sinmi. A mi orí. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ títí wọ́n fi wọkọ̀. Nígbà tí eruku ọkọ̀ wọn ti balẹ̀, ó yíjú sí mi.

"Kí kànga lè sinmi," ó ní. "Kànga wo ló ń rìn tó fi máa rẹ̀ ẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn; tó bá yá, wọ́n á padà wá, wọ́n á ní ká wá san nǹkan ká tó rí wákàtí karùn-ún. Oòrùn tí Ọlọ́run ń ràn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnì kan ti fẹ́ máa wọ̀n ọ́n fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo àpótí náà bí ó ṣe máa ń wo ẹyẹ tó bà lé orí èso rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé ṣé páláyà mi wà nílé. Mi ò jẹ́ kó béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Iṣẹ́ náà ò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo so wáyà pọ̀, mo fi téèpù wé e, mo dá ìdérí padà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọwọ́ mi ò ní rọ láéláé.

Ẹ̀yin ará, ọdún àkọ́kọ́ yẹn dùn. Ẹ̀rọ náà ń jí bí oòrùn bá ti yọ, ó ń sùn bí oòrùn bá wọ̀, kò ké, kò wúkọ́, kò béèrè nǹkan kan. Omi ń ṣàn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi la ebè tuntun títí dé ibi ọgbà ilé ìwé, ọgọ́ta di igba ó lé mẹ́wàá. Ó gbin ẹ̀wà, tòmátì, àlùbọ́sà, kábéèjì. Bí ilẹ̀ bá gbẹ díẹ̀, ó bu omi sí i. Bí ewé bá rọ, ó bu omi sí i. Ó máa ń sọ fún àwọn tó wá wò ó pé ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ọgọ́jọ ọmọ jẹun lọ́sàn-án lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ kan kò yẹ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì wá ya fọ́tò rẹ̀ níwájú pátákó sólà, ó rọra fi ọwọ́ gbá eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀ kí wọ́n tó yà á. Àpótí náà wà nínú fọ́tò, ìdérí rẹ̀ sì wà ní títì. Kò sí ẹni tó ṣí i wò.

Inú rẹ̀ dùn lọ́dún yẹn ju bí mo ti rí i rí lọ. Kì í ṣe obìnrin tó ń kọrin, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní ìdáná. Mo ń rántí pé mo jókòó sórí pèpéle, mo ń gbọ́ ọ, mo sì ń yin ara mi.

Alásè ilé ìwé ló kọ́kọ́ rí ohun tó ń bọ̀, kò sì mọ̀ pé òun rí nǹkan. Obìnrin alápárá ni, ó sanra láti ìgbà tí oúnjẹ ṣì wà, ó ní òun ò ní jẹ́ kí ìyàn bá òun du ìyẹn. Kànga ẹ̀gbọ́n mi ló fi ń se oúnjẹ àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ kan nínú ọdún kejì, ó ní òun ò fi iyọ̀ sí ẹ̀wà mọ́, ẹ̀wà ń dá iyọ̀ mú wá fúnra rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ Màmá Ajíbomi ti ń se ọbẹ̀ kó tó kórè. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àwa tí à ń mu omi náà lójoojúmọ́, ahọ́n wa ti bá a lọ díẹ̀díẹ̀, a ò mọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni etí ewé ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń gbẹ láti etí wọnú bí ìwé tí iná jó létí. Ẹ̀gbọ́n mi ní òùngbẹ ni. Ó bu omi sí i. Àlùbọ́sà ò ta mọ́. Ó ní kòkòrò ni, ó fín oògùn, ó sì bu omi lé oògùn lórí. Tòmátì so, àmọ́ èso rẹ̀ ò ju ìka àtàǹpàkò lọ. Ó ní kí n bá òun fa rọ́bà kejì kí omi lè tètè dé ìkángun oko, mo sì fà á. Ohun gbogbo tí a rò pé ó jẹ́ ìwòsàn, omi ni. Àṣejù baba àṣetẹ́, a mọ òwe náà dáadáa. A kàn rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń mu ọtí ni.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, nǹkan funfun kan bo ojú ilẹ̀. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tó kúnlẹ̀ sí láàárín ebè, mo rò pé ó ń fa koríko. Ó fi ìka nu ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n. Ó na ìka náà sí mi.

"Tọ́ ọ wò," ó ní.

Iyọ̀ ni. Mo tutọ́ dànù. Òun ò tutọ́, ó gbé e mì. Ó bi mí pé ta ló da iyọ̀ sí oko òun. Mo ní mi ò mọ̀, òótọ́ sì ni, mi ò tíì mọ̀ nígbà náà. Láàárín oṣù yẹn náà ni àwọn ará ilé tó yí wa ká bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé ọṣẹ ò hó mọ́ nínú kànga àwọn. Kànga mẹ́jọ ni. Omi dídùn tí gbogbo àdúgbò ń mu, tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá wa, ti lọ.

Ọ́fíìsì rán obìnrin kan wá tó mọ̀ nípa ilẹ̀ àti omi. Ó fi ọjọ́ méjì gbé kinní kan kiri tó ń tì bọ inú kànga, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé, kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Àwa àgbàlagbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wọ aṣọ tó fi ya fọ́tò.

Obìnrin náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní omi òkun wà lábẹ́ gbogbo wa, nísàlẹ̀ iyanrìn, pé omi òjò tó dùn ló fúyẹ́ tó sì léfòó lé e lórí. Ẹni tó bá ń bu díẹ̀, tó sì fi kànga sílẹ̀, òjò á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ń fà á láìdáwọ́ dúró, omi dídùn á tán lókè, òkun á sì gòkè wá gba ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó ní iyọ̀ tí òun bá nínú kànga oko jọ ti ibi tí wọ́n ti fa omi láti òwúrọ̀ dé alẹ́ fún ọdún méjì. Ó ní èyí tó rú òun lójú ni pé ẹ̀rọ yẹn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí àpótí kan wà lára rẹ̀ tó ń dá a dúró. Òun ṣí àpótí náà láàárọ̀. Ẹnì kan ti já a.

"Ta ló já a?" ó béèrè.

Kò sí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn tí mi ò tíì bá já àpótí rí, ó ṣeé ṣe kí ìdajì wọn ti máa wò mí. Mo gbé ẹsẹ̀ láti dìde. Bí mo ṣe gbé e ni ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi bà lé orúnkún mi. Ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ gidi, ó fi mí ṣe ọ̀pá, ó sì dìde.

"Èmi ni," ó ní. "Mo fi ọwọ́ ara mi já a."

Obìnrin náà bi í pé ṣé àwọn tó gbé e wá ò ṣàlàyé fún un ni. Ó ní wọ́n ṣàlàyé, òun ni òun ò gbà wọ́n gbọ́. Ariwo sọ. Ọ̀gá ilé ìwé ló pariwo jù. Ó ní ìwọra ló pa gbogbo àdúgbò, pé ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gba ìyìn ló ṣe la igba ebè, pé kí ni òun fẹ́ sọ fún ọgọ́jọ ọmọ lọ́la. Ọkùnrin tó wá bá a lóko tó rẹ ohùn sílẹ̀ nìyẹn o. Ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó sì fetí sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, ó bi obìnrin náà pé ìgbà wo ni omi náà máa dùn padà. Obìnrin náà ní tí òjò bá rọ̀ dáadáa, tí ẹnikẹ́ni ò sì fa omi níbẹ̀ rárá, ó lè tó ọdún mẹ́wàá, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè má dùn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bi í bóyá oúnjẹ kan wà tó lè hù nínú iyọ̀. Ó ní ìwọ̀nba ewéko díẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó lè bọ́ ilé ìwé. Alásè bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó sì jókòó.

Nígbà tí à ń jáde, aládùúgbò wa kan tó láàánú lọ́kàn gbá a léjìká, ó ní kó ṣe sùúrù, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọkùnrin náà lẹ́nu. Agbè gan-an ló fọ́.

A délé. Ó jókòó sórí àpótí ìjókòó rẹ̀ ní ìdáná, kò dá iná. Mo sọ fún un pé tí ilẹ̀ bá mọ́, màá lọ láti ilé dé ilé, màá sọ fún wọn pé èmi ni. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú omijé, mo sì ní in lọ́kàn láti ṣe é.

"O ò ní lọ síbì kankan," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò lè gbé e fún mi."

"Mo ti gbé e. Ilẹ̀ ti lọ, orúkọ mi ti bá a lọ. Bí tìrẹ náà bá lọ, ta ló máa pè ọ́ wá tún iná ṣe? Kí la máa jẹ?"

Mo ní ṣùgbọ́n èmi ni mo já a. Ó ní ta ló ní kí n já a. Ó ní òun ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi òun ṣe. Ó ní kí n dákẹ́.

Mo dákẹ́. Ohun tí mo wá sọ gan-an rèé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: nígbà tó ní kí n dákẹ́, ara tù mí. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n ó tù mí. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì rí ohun tí mo lè fi fọ ìṣẹ́jú yẹn kúrò lára mi.

Ọ́fíìsì wá kó pátákó sólà wọn lọ sí ìlú tó jìnnà sí òkun. Òpó tí wọ́n fi dúró ṣì wà láàárín oko, irin tí mo jó fúnra mi. Oúnjẹ ọ̀sán dópin. Ọmọ tó ń wá sí ilé ìwé ò pé ọgọ́ta mọ́. Àwọn tó kù ń wá ẹja òkú létí òkun, tàbí kí wọ́n máa sùn. Àwọn ènìyàn ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìyá Oníyọ̀. Tí ọkọ̀ bá gbé àgbàdo ìrànwọ́ dé, ẹ̀yìn ìlà ló ń tò sí, kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì ti di ẹ̀ẹ̀mejì tí àgbàdo ń tán kó tó kàn án. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Èmi náà ń jí, mo ń jẹ, mo ń kí i, ó ń dá mi lóhùn, a ò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ sí mi pé iná ilé òun ti kú. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mi ò ní lọ, kí ó wá ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi lọ gbé àpò irinṣẹ́ mi wá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tètè lọ kí wọ́n má baà pe ẹlòmíràn lóòótọ́. Mo lọ. Mo wà lórí àkàbà, ọ̀gá náà wà nísàlẹ̀, ó di àkàbà mú fún mi, inú rẹ̀ dùn pé ó rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ìyá Oníyọ̀ yẹn dùn mí, torí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá. Ó wá bi mí pé kí ló tiẹ̀ wọ̀ ọ́ lórí tó fi ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Mo ní mi ò mọ̀, sà. Mo so wáyà tó kù, iná tàn, ó fún mi ní igbá àgbàdo kan. Mo gbé e wálé, ẹ̀gbọ́n mi sè é, àwa méjèèjì sì jẹ ẹ́.